Oròwọlé Tó Di Ọlọ́runfẹ́mi: Fágúnwà àti Orúkọ Àwọn Ẹ̀dá-Ìtàn Rẹ̀

Nígbà tí olóòtú ní kí n mú ẹnì kan tó ti fi ayé sílẹ̀ tipẹ́ kí n sì sọ ìtàn rẹ̀, D. O. Fágúnwà ni mo mú. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ṣé a ò tíì sọ̀rọ̀ bàbá yìí tó ni. A kà á ní girama, a tún kà á nígbà tí a wọlé síbí, gbogbo wa la sì mọ ìdáhùn tí a máa ń kọ sínú ìwé ìdánwò: pé kókó ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ̀ ni pé ire a máa borí ibi, àti pé àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ dà bí ère, bí wọ́n ṣe wọlé náà ni wọ́n ṣe ń jáde.

Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ bá wọ̀jà. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mò ń kọ́, kì í ṣe lítíréṣọ̀, nítorí náà ohun ìjà tí mo ní kò ju gbólóhùn lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá, gbólóhùn ni ọ̀pọ̀ wọn. Fágúnwà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, torí pé òun fúnra rẹ̀ ti pa gbólóhùn kan tì nínú orúkọ tirẹ̀, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Òkè-Igbó ni wọ́n bí i sí ní 1903, ní apá ibi tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó lónìí. Ìlú ogun ni Òkè-Igbó. Adérìn Ọlógbénlá, jagunjagun ọmọ Ifẹ̀, ló kó àwọn èèyàn jọ síbẹ̀ nígbà tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún dà wọ́n láàmú. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ to àkọlé àti ibùdó ìtàn Fágúnwà síwájú yín: Igbó Irúnmalẹ̀, Igbó Olódùmarè, Igbó Elégbèje, Òkè Láńgbòdó, Òkè Ìrònú. Igbó àti òkè, òkè àti igbó. Orúkọ ìlú rẹ̀ ló ń tú sọ́nà méjì káàkiri láti ọdún dé ọdún. Mi ò sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o. Mo kàn ní kí ẹ wò ó ni.

Àwọn òbí rẹ̀, Joshua Akíntúndé àti Rachel Ọ̀ṣunyọmí, gba ẹ̀sìn Kristi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí orúkọ ilé náà ń sọ. Ọ̀ṣun wà lára ìyá. Oròwọlé ni wọ́n sọ ọmọ: Orò wọ inú ilé wá. Fágúnwà ni orúkọ ìdílé: Ifá ló gúnwà níbẹ̀, bí ọba ṣe ń gúnwà lórí ìtẹ́. Òrìṣà mẹ́ta nínú ilé kan tí àwọn ara ilé rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi! Ìpàdé méjèèjì yìí, inú ilé ló ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó dé inú ìwé kankan. Nígbà tí àwọn lámèyítọ́ bá ń bi ara wọn pé kí ni ìwàásù ń wá láàárín àwọn iwin, mo máa ń rántí ilé Akíntúndé.

Nígbà tó yá, ọmọ náà pa Oròwọlé tì, ó di Daniel Ọlọ́runfẹ́mi. Ẹ jẹ́ ká tú u bí a ṣe ń tú u ní kíláàsì. Orò wọ ilé. Ọlọ́run fẹ́ mi. Gbólóhùn ni méjèèjì, olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀, kò sí ìyàtọ̀ nínú ìhun wọn. Ohun tó yí padà ni olùwà, àbọ̀ náà sì kúrò ní ilé, ó di èmi. Orúkọ àkọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí agbo ilé. Èkejì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan ṣoṣo. Mi ò rò pé ọ̀nà mìíràn wà tí èèyàn lè gbà sọ ìtàn bí ẹ̀sìn tuntun ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà.

Ó fi Fágúnwà sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Èyí ni pé nígbà tí ilé ìtẹ̀wé CMS, ti àwọn míṣọ́nnárì, gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Ifá ló gúnwà lórí èèpo ìwé náà. Lẹ́tà O tó wà láàárín D àti Fágúnwà tún máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí atẹ̀wé kò bá fi àmì sí i nísàlẹ̀, ó lè jẹ́ O ti Oròwọlé, ó sì lè jẹ́ Ọ ti Ọlọ́runfẹ́mi. Àwa tí a ti jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì mọ̀ pé fáwẹ́lì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé àmì ìsàlẹ̀ kò ṣe pàtàkì lórí WhatsApp, ẹ fi èyí kún un.

Ilé-ìwé St Luke's ní Òkè-Igbó ló ti kọ́kọ́ kàwé. Ní 1926 ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì St Andrew's ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà, ó parí ní 1929, wọ́n sì fi í síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọdé títí di 1939. Tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni ọkùnrin yìí nígbà tó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn ló ṣe ìdíje ìwé kíkọ ní 1936, ó kópa, ìwé náà sì jáde ní 1938, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 35. Bí a bá rántí pé tíṣà ọmọdé ló ń sọ ìtàn yìí, a ò ní bá a bínú púpọ̀ nígbà tó bá dá ìtàn dúró láti gbani níyànjú. Tíṣà wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bí tiwa, tó kọ odindi ìwé lórí àwọn ìtàn àròsọ Fágúnwà ní 1974, ti fi hàn pé ìtàn àlọ́ wà níbẹ̀, Bíbélì wà níbẹ̀, Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ ti John Bunyan náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bunyan yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń sọ pé Fágúnwà ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìwà sọ ẹ̀dá-ìtàn lórúkọ. Mi ò gbà. Nínú Bunyan, ọ̀rọ̀ tó ń dárúkọ ìwà tàbí tó ń ṣe àpèjúwe rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn orúkọ náà: olóòótọ́, aláìmọ̀kan, òmìrán àìnírètí. Ẹni tó bá jẹ́ aláìmọ̀kan níbẹ̀, aláìmọ̀kan ni yóò bá a dé òpin. Irú rẹ̀ wà nínú Fágúnwà lóòótọ́. Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn dídùn, ó ń kọrin, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olóhùn-iyọ̀ ní ọ̀nà Òkè Láńgbòdó. Ìmọ̀dòye ni orúkọ rẹ̀. Ìmọ̀ di òye. Fáwẹ́lì inú di ti pa jẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe náà wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú sí di yìí, torí pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀rọ̀-ìṣe ìyípadà ni. Ohun kan wà tẹ́lẹ̀, kò sí bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ti di nǹkan mìíràn. Kì í ṣe pé Ìmọ̀dòye gbọ́n. Wọ́n sọ fún wa pé ààjà gbé e lọ, ó sì lo ọdún 7 lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó padà. Ìtàn ọdún 7 náà ló wà nínú lẹ́tà d kan ṣoṣo. Ẹni tó bá pe irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ère kò tíì ka orúkọ rẹ̀ dé ìdajì.

Láti ìgbà tí mo ti rí èyí ni mo ti ń wá di kiri inú àwọn ìwé yòókù. Nínú Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, tó jáde ní 1954, Òmùgọ̀diméjì wà, èyí kò sì nílò àlàyé, a mọ irú wọn ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó gbà mí lọ́kàn jù, obìnrin ni wọ́n. Nínú Igbó Olódùmarè ti 1949, Fágúnwà padà sẹ́yìn, ó sọ ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-oògùn. Obìnrin tí Olówó-ayé fi ṣe aya nínú igbó ń jẹ́ Àjẹ́dìran. Nínú Àdììtú Olódùmarè, ìwé tó jáde ní 1961, ìyá Àdììtú ń jẹ́ Ìpọ́njúdìran. Ọdún 12 ló wà láàárín wọn, ìhun kan náà: nǹkan burúkú kan, di, ìran.

Ẹni tó bá ti ka ìwé àkọ́kọ́ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àjẹ́ já sí nínú ilé Olówó-ayé. Àkàrà-oògùn fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé àjẹ́ ni ìyá òun, pé ó para dà di ẹranko igbó, bàbá òun sì yìnbọn fún un láìmọ̀ pé ìyàwó òun ni. Ìgbà tí ọmọ yìí yóò sì fi dàgbà, orúkọ oògùn ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àkàrà-oògùn: ọ̀rọ̀-orúkọ méjì tí a so pọ̀, kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan níbẹ̀. Ohun tí ìran fún un náà ló jẹ́. Níbí yìí, gbólóhùn tó wà nínú orúkọ obìnrin náà ṣẹ.

Nínú ìwé 1961, gbólóhùn irú rẹ̀ kan náà kò ṣẹ. Inú òṣì paraku ni wọ́n bí Àdììtú sí. Ìyá rẹ̀ ti ń jẹ́ orúkọ tó sọ pé ìpọ́njú ti di ohun àjogúnbá, bí ilé tàbí oko. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kúrò nílé, igbó gbà á, ìyà jẹ ẹ́, ó sì padà wá gẹ́gẹ́ bí olówó. Kí ni orúkọ tirẹ̀? Àdììtú: a dì í, kò ṣeé tú. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà nínú rẹ̀, dì àti tú, tí ìkọ̀sílẹ̀ wà láàárín wọn. Ìyá ni di, ọmọ ni dì. Ohùn ni wọ́n fi yàtọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé mo ti fẹjú ju bó ṣe yẹ lọ níbí, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti yí orúkọ ara rẹ̀ padà kì í fi orúkọ ṣeré, ìwé méjèèjì yìí sì bi wá ní ìbéèrè kan náà: ṣé ohun tí a sọ èèyàn ni yóò jẹ́ dandan? Ní 1949, ó jọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1961, ó jọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àròjinlẹ̀ lórí àyànmọ́ nìyẹn, láàárín ọdún 12, kì í ṣe ire tó ń borí ibi.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú. Àwọn ìyá ló ń ru di ìran. Bí nǹkan burúkú bá máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹbí, ẹ̀yìn obìnrin ló ń gbà wọlé. Bàbá Àkàrà-oògùn náà ní oògùn tó pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n Olówó-ayé ni orúkọ tirẹ̀, orúkọ iyì.

Ọ̀rọ̀ Kàkó náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn akọni fẹ́ lọ sí Òkè Láńgbòdó, Kàkó fẹ́ bá wọn lọ. Obìnrin tó fẹ́ fi ṣe aya dì mọ́ ọn, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń rán an létí gbogbo ohun tó ti ṣe fún un. Kàkó bínú, ó sì pa á. Wọ́n tẹ̀síwájú. Mo ti gbọ́ ìtúpalẹ̀ ibi yìí nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní girama, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: ìfẹ́ ìlú ju ìfẹ́ obìnrin lọ. Nígbà kan, kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Tí Fágúnwà bá fẹ́ kí á kàn gbóṣùbà fún Kàkó ká sì máa lọ, kò sídìí tí yóò fi jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Ó fún un ní ẹ̀bẹ̀ gígùn, ẹ̀bẹ̀ tó mọ́gbọ́n dání, ó sì jẹ́ kí á gbọ́ ọ tán. Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ tó dára jù nínú ìwé náà nìyẹn, ẹnu ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ló sì ti jáde. Ìrìn àjò tí gbogbo wa ń yìn ní òkú obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ nípa kókó ọ̀rọ̀ inú Ògbójú Ọdẹ tí kò mẹ́nu ba òkú yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ kò pé, kódà bí ó bá gba A.

Ayé Fágúnwà láàárín ọdún wọ̀nyí yára. Ó kọ́ni káàkiri ilé-ìwé. Àjọ British Council fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1946 sí 1948, ó sì kọ ìtàn ìrìn àjò náà sínú ìwé Ìrìnàjò. Ní 1949 yẹn kan náà ni Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde. Ó gba ẹ̀bùn Margaret Wrong ní 1955, ọdún tó wọ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1959. Ọdún yẹn náà ló bọ́ sí ilé ìtẹ̀wé Heinemann. Gbogbo èyí wà nínú ìwé ìtàn, mi ò ní dá yín dúró lórí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé àwọn obìnrin inú ìwé rẹ̀ kò dúró sójú kan náà. Nínú Ìrèké Oníbùdó, Ìfẹ́pàdé dé: ìfẹ́ ni olùwà, pàdé ni ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sì sí ìran tí a di ẹrù lé lórí. Nígbà tó fi máa di 1961, Àdììtú àti Ìyúnadé ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ síra wọn. Ẹ rò ó wò. Ní 1938, obìnrin bẹ̀bẹ̀ nítorí ìfẹ́, wọ́n pa á. Ní 1961, ọkùnrin ló ń fi gègé bẹ̀bẹ̀, obìnrin ló sì máa pinnu ohun tí yóò fi dáhùn. Mi ò lè sọ pé tíṣà wa ti di ẹlẹ́gbẹ́ àwọn obìnrin. Iwin àti ìwàásù ṣì wà níbẹ̀ yamùrá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó kọ ọ́ ti yàtọ̀.

Ìwé 1961 yẹn ló kẹ́yìn nínú àwọn ìtàn àròsọ márùn-ún rẹ̀. Iṣẹ́ Heinemann ló gbé e rìn lọ sí apá Àríwá ní oṣù Disẹ́ḿbà 1963. Ní Wuya, nítòsí Bida, níbi tí wọ́n ti ń sọdá odò, omi gbé e lọ. Ẹni ọdún 60 ni. Ní 1968, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìtumọ̀ Wọlé Ṣóyínká sọ Ògbójú Ọdẹ di ohun tí ayé lè kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó dára, mo ní ẹ̀dà kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe Ìmọ̀dòye ní etí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ìró lásán ni. Bí wọ́n bá sì túmọ̀ rẹ̀, ó di àpèjúwe gígùn, kò jẹ́ orúkọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn tó wà ní ìpele kìn-ín-ní àti ìkejì pé kí wọ́n yé fi àkékúrú tí wọ́n rí lórí fóònù ka Fágúnwà. Orúkọ ló kọ́kọ́ máa ń bọ́ sọnù nínú àkékúrú.

Pírójẹ́ẹ̀tì mi lórí ìhun orúkọ nínú àwọn ìwé márààrún ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀dà tí wọ́n tún tẹ̀ lẹ́yìn tí a yí àkọtọ́ padà ni gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà wa, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ẹ̀dà àtijọ́, pàápàá èyí tí CMS tẹ̀, kì í ṣe pé mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín o. Ẹ kàn bá mi ya fọ́tò ojú ewé tí àwọn orúkọ wà, kí n lè rí bí wọ́n ṣe kọ wọ́n, ibi tí wọ́n fi àmì sí àti ibi tí wọn kò fi sí, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí olóòtú.